Ọmọ Tó Kéré Jù Ni Òṣùwọ̀n: Bí A Ṣe Ń Yan Eré Orí Ìtàgé fún Àwọn Ọmọdé Lásìkò Ọdún ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Bí Kérésì bá ti ń sún mọ́ etílé, pósítà eré á bẹ̀rẹ̀ sí í gorí ara wọn lára ògiri láti Alágbàká dé Ọjà Ọba, WhatsApp náà á sì kún. Ti ìjọ ń bẹ, ti ilé-ìwé ń bẹ, ti àwọn apanilẹ́rìn-ín ń bẹ, ẹgbẹ́ eléré láti Èkó tàbí Ìbàdàn náà lè yà wọ ìlú. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé, "Ṣé eré náà dùn?" Ìbéèrè yẹn kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Eré tó dùn mọ́ ọmọ ọdún 11 lè di ẹkún fún àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún 3 tó jókòó tì í, bí ẹkún bá sì ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó tún ń wo eré nínú ilé yín mọ́.

Ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kó ṣáájú: báwo ni eré náà ṣe gùn tó, aago mélòó ló ń bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, kí ló sì wà nínú rẹ̀? Ọmọ tó kéré jù nínú àwọn tí ẹ ń kó lọ ni kí ẹ fi wọn ìdáhùn rẹ̀. Ìtọ̀ rẹ̀, etí rẹ̀, oorun rẹ̀ àti ìbẹ̀rù rẹ̀ ló máa sọ bí ọjọ́ náà ṣe máa rí.

Kíka pósítà

Pósítà tó kó àwòrán olókìkí 15 jọ, tí kò dárúkọ eré, tí kò dárúkọ olùdarí, kì í ṣe ti eré ìtàgé. Alẹ́ orin àti àwàdà ni. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í ní ìparí tó ṣe é sọ: bí olókìkí kan bá pẹ́ lójú ọ̀nà, wọ́n á ní kí DJ máa fi orin dí àlàfo. Àwàdà tí wọ́n ń dá níbẹ̀ náà kì í ṣe èyí tí ẹ máa fẹ́ túmọ̀ fún ọmọ ọdún 7 nínú kẹ̀kẹ́ márúwá nígbà tí ẹ bá ń darí sílé. Bí wọ́n bá kọ "family show" sí i, ohun tó sábà máa ń túmọ̀ sí kò ju pé wọn ò ní lé ọmọdé padà lẹ́nu ọ̀nà.

Àmì tó dáa ni orúkọ eré, orúkọ ẹni tó kọ ọ́, orúkọ olùdarí, àti aago méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bí aago 3 àti aago 6. Aago méjì yẹn níye lórí ju bó ṣe rí lójú lọ. Ẹgbẹ́ tó bá ti ta tíkẹ́ẹ̀tì aago 6 gbọ́dọ̀ kó èrò aago 3 jáde, kí wọ́n gbálẹ̀, kí wọ́n to àga, kí wọ́n sì jẹ́ kí òṣèré mu omi. Kò sáyè kí eré àkọ́kọ́ máa fà gùn títí. Nítorí náà, ti aago 3 ni kí ẹ mú. Ní oṣù Kejìlá, ilẹ̀ Àkúrẹ́ ti máa ń ṣú kí aago 7 tó lù, ẹni tó bá sì kó ọmọ dání kò nílò kó máa du kẹ̀kẹ́ nínú òkùnkùn.

Bí wọ́n bá ń ṣe eré náà fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ fo ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọjọ́ yẹn ni gbohùngbohùn máa ń kú mọ́ òṣèré lẹ́nu, tí iná ń mọ́lẹ̀ síbi tí ẹnikẹ́ni kò dúró sí, tí pípààrọ̀ ìran á sì gba ìṣẹ́jú 10 nínú òkùnkùn. Àgbà á fara dà á. Ọmọdé á béèrè pé ṣé ó ti parí ni, á sì bọ́ bàtà.

Irú eré tó wà nílẹ̀, àti ewu inú ìkọ̀ọ̀kan

Ti ìjọ ló pọ̀ jù, ọ̀fẹ́ ló sì sábà máa ń jẹ́. Ẹ má torí pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ má béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Eré ìbí Jésù tí àwọn ọmọ Sunday school ń ṣe kì í sábà kọjá ìṣẹ́jú 45. Ó bá ọmọ ọdún 3 mu dáadáa: àgùntàn ń bẹ, áńgẹ́lì ń bẹ, orin tí wọ́n ti mọ̀ ń bẹ, bí ẹnì kan bá gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀, gbogbo ìjọ á rẹ́rìn-ín. (Bí Hẹ́rọ́dù bá wà nínú rẹ̀, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe ti pípa àwọn ìkókó. Àwọn olùdarí kan fẹ́ràn ibẹ̀ jù.) Eré ajíhìnrere tó ní ọ̀run àpáàdì nínú, ọ̀ràn mìíràn ni tìyẹn. Iná pupa, èéfín, ẹni tó fi ẹfun àti èédú kun ojú tó sì ń sáré la àárín èrò kọjá. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7 kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín òṣèré àti ohun tó ń ṣe. Oru ọjọ́ náà ni ẹ máa gbọ́ igbe rẹ̀. Wọ́n sì tún máa ń gbé irú rẹ̀ sínú ìṣọ́ òru, níbi tí oorun ti máa gbé ọmọ lọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Eré àlọ́ ni mo máa ń fi sípò kìn-ín-ní fún ilé tí ọjọ́ orí àwọn ọmọ ibẹ̀ jìnnà síra. Ìjàpá kò le ju ọmọ ọdún 4 lọ, kò sì sú ọmọ ọdún 12 bí òṣèré bá mọ iṣẹ́. Orin inú rẹ̀ ni àṣírí ibẹ̀. Nínú àlọ́ àpagbè, àwọn èrò ló ń gbe orin, ọmọ tó bá sì ń gbe orin kì í rántí pé òun fẹ́ lọ sílé. Kódà ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń sọ sí nílé á gbé e. Ẹ ti ilé kọ́ wọn ní "Ààlọ́ o!" àti ìdáhùn rẹ̀, "Ààlọ̀!" kí ẹnu má bàa tì wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé àlọ́ gan-an ni wọ́n fẹ́ pa. Àwọn kan ń pe ara wọn ní eléré àlọ́, tó sì jẹ́ pé ẹnì kan ló máa dúró sídìí gbohùngbohùn tí á máa ka ìwé.

Eré àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń dára ju owó ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ. Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ìtàgé ní Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá, wọ́n ń kọ́ ọ ní Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Adéyẹmí nílùú Oǹdó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà sì ń fi eré ṣe ìdánwò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kàlẹ́ńdà tiwọn kì í tẹ̀lé ti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ yín gba ìsinmi, ó ṣeé ṣe kí àwọn náà ti di ẹrù wọn lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ìsinmi ni kí ẹ ti béèrè. Wàhálà kejì ni pé eré ìdánwò fẹ́ràn ìbànújẹ́: ọba tó pa bàbá rẹ̀, ogun tó run ìlú. Ọmọ ọdún 13 á jàǹfààní rẹ̀. Ẹ fi ọmọ ọdún 6 sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà.

Ní Oǹdó, ọdún Ẹ̀kímọ̀gún máa ń mú ijó àti àṣà jáde sí gbangba, ó sì dùn ún wò. Ṣùgbọ́n eré ojú agbo nìyẹn, kì í ṣe eré inú gbọ̀ngàn: kò sí àga tí a kọ orúkọ yín sí, èrò pọ̀, oòrùn mú. Bí ọmọ bá lè dúró fún wákàtí kan láìjẹ́ pé ẹ gbé e sọ́rùn, ẹ lọ.

Bí eégún bá wà nínú eré èyíkéyìí, ẹ béèrè bóyá yóò sọ̀ kalẹ̀ wá sí àárín èrò. Lórí ìtàgé, ìran rẹ̀ dùn mọ́ ọmọdé. Bó bá dé ẹ̀gbẹ́ àga wọn, wọ́n á gun yín lọ́rùn.

Ọjọ́ orí àti ìṣẹ́jú

Èyí ni òṣùwọ̀n tí a fi ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ọdún 3 sí 4: kó má kọjá ìṣẹ́jú 45, kó ní orin, kí iná gbọ̀ngàn má kú pátápátá. Ọmọ ọdún 5 sí 7: wákàtí kan sí wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú 15. Ọmọ ọdún 8 sí 11: wákàtí kan àbọ̀, tàbí wákàtí méjì bí ìsinmi bá wà láàárín. Láti ọdún 12 lọ sókè, ohun tó wà nínú eré ló kù tí ẹ máa yẹ̀ wò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ṣìrò ni pé wọn kì í ka ìdúródè mọ́ ọn. Ká ní pósítà sọ aago 2. Ẹ dé ibẹ̀ ní aago 2. Wọ́n ṣílẹ̀kùn ní aago 2 kọjá ìṣẹ́jú 40. Àdúrà, ọ̀rọ̀ ìkíni, onígbọ̀wọ́ méjì, alága ètò tó fẹ́ dẹ́rìn-ín pa èèyàn. Aṣọ ìtàgé ṣí ní aago 3 àbọ̀. Wákàtí kan àbọ̀ ti lọ, sùúrù ọmọ ọdún 5 ti tán, eré kò sì tíì sọ gbólóhùn kan. Eré náà kò burú. Sùúrù ni wọ́n ti ná tán sórí ìdúródè.

Nítorí náà, ẹ má béèrè pé, "Aago mélòó ni eré?" Wọ́n á ka pósítà fún yín. Ẹ béèrè pé, "Aago mélòó ni òṣèré àkọ́kọ́ máa jáde?" Bí ẹni náà bá rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn, ẹ fi wákàtí kan kún aago tó bá sọ. Ẹ rántí pẹ̀lú pé àwọn ẹgbẹ́ kan ṣì ń fi orin àti ijó ṣí eré, gẹ́gẹ́ bí àwọn eléré arìnrìn-àjò ìgbà Hubert Ogunde ti ń ṣe. Ìyẹn kì í ṣe àfikún òfìfo. Òun ni ọmọdé máa ń gbádùn jù, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ dé pàdánù rẹ̀.

Ìpè kan, ìbéèrè méje

Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lórí pósítà. Bí kò bá sí ẹni tó gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lọ́jọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ wá eré mìíràn. Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀:

1. Aago mélòó ni òṣèré àkọ́kọ́ máa jáde, aago mélòó ni ẹni ìkẹyìn máa wọlé?
2. Ṣé ìsinmi wà láàárín, ìṣẹ́jú mélòó ni?
3. Èdè wo ni: Yorùbá gbogbogbòò, Gẹ̀ẹ́sì, àbí ẹ̀ka-èdè Oǹdó tàbí Àkúrẹ́?
4. Ṣé ìbọn, bángà, ẹ̀jẹ̀, èéfín tàbí òkùnkùn biribiri wà nínú rẹ̀?
5. Ṣé òṣèré máa sọ̀ kalẹ̀ wá sáàárín èrò, ṣé wọ́n máa ń pe ọmọdé sórí ìtàgé?
6. Láti ọmọ ọdún mélòó ni ẹ ti ń gba owó, ṣé ọmọ orí itan ń san?
7. Ṣé ilé ìtọ̀ wà nínú ọgbà, ṣé omi ń yọ níbẹ̀?

Ẹni tó mọ eré náà á dáhùn ìbéèrè 4 lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ní, "Ẹ má ṣèyọnu, ó dáa fún gbogbo ayé," kò tíì wò ó rí.

Eré ìpolongo kékeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò tó láti fi mọ ohun tó wà nínú eré, nítorí ẹ̀rín nìkan ni wọ́n máa ń gé sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe eré náà níbòmíràn rí, ẹ wá ẹni tó wò ó, kí ẹ bi í pé, "Ibo ni ọmọdé ti sunkún?"

Owó

Iye tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì kò ní ju ìdajì owó ọjọ́ náà lọ nígbà mìíràn. Ká fi ₦5,000 ṣe àpẹẹrẹ fún orí kọ̀ọ̀kan: òbí méjì àti ọmọ mẹ́ta jẹ́ ₦25,000. Ẹ fi ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ kún un, ẹ fi ìpápánu kún un, ẹ fi fọ́tò Bàbá Kérésì ẹnu ọ̀nà kún un, nítorí wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ gbé e síbi tí ọmọdé ò lè ṣàì rí i. Ẹ sọ iye tí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè ná fún un kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹnu ọ̀nà kọ́ ni ibi ìdúnàádúrà.

VIP kì í fìgbà gbogbo dára fún ọmọdé. Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n to tábìlì sí, àga yípo ni, ìdajì àwọn tó jókòó ló kẹ̀yìn sí ìtàgé, tábìlì á sì ga tó àyà ọmọ. Owó ńlá lẹ fi ra ẹ̀yìn ìgò. Àga tó tò tẹ̀lé ara wọn ló dáa.

Ẹ san owó sí àpò ìfowópamọ́ tó ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ tàbí ilé tó ń ṣe eré. Bó bá jẹ́ orúkọ èèyàn kan, ẹ kọ́kọ́ pe gbọ̀ngàn tí wọ́n dárúkọ, yálà Dome tàbí Gbọ̀ngàn Àṣà Adégbémilé ní Àkúrẹ́, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n gba ibẹ̀ fún ọjọ́ náà. Tíkẹ́ẹ̀tì orí fóònù tí ẹlòmíràn fi ránṣẹ́ sí yín lè ti wà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́rin mìíràn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló ni ín. Ẹ fi àwòrán tiyín pamọ́ sórí fóònù kí ẹ tó jáde, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń wó lẹ́nu ọ̀nà tí èrò bá ti pọ̀.

Ibi tí ẹ máa jókòó sí

Ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn wa ni ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí wọ́n sì to àga oníke sí. Ọmọ tó bá jókòó sẹ́yìn gèlè kò ní rí nǹkan kan. Ìlà iwájú pátápátá kọ́ ni ojútùú rẹ̀: bí ìtàgé bá ga tó mítà kan, ẹsẹ̀ òṣèré nìkan ni ọmọ ọdún 4 máa rí níbẹ̀, sípíkà á sì wà létí rẹ̀. Ìlà kẹta sí ìkẹfà ló dáa jù, lẹ́bàá ọ̀nà àárín àga. Kò sí orí níwájú ọmọ tó bá jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ẹ sì lè gbé e jáde láìtẹ ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Bí àga oníke bá pọ̀, ẹ to méjì tàbí mẹ́ta lé ara wọn fún un. Mẹ́rin á máa yẹ̀.

Ẹ jìnnà sí sípíkà, ó kéré tán ìrìn ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Òwú tí àwọn ìyá máa ń dì sọ́mọ létí kì í fi bẹ́ẹ̀ dín ariwo kù. Ṣíṣí kúrò níbẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́.

Àgbà kan lápá ọ̀tún, àgbà kan lápá òsì, àwọn ọmọ láàárín, èyí tó kéré jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó máa gbé e jáde. Ẹ ti ilé yan ẹni náà. Bí ẹ bá dúró kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké kí ẹ tó yàn án, ẹ máa fi ojú bá ara yín jà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, gbogbo gbọ̀ngàn á sì máa wò yín.

Kí ẹ tó jókòó, ẹ wo ilẹ̀kùn àbájáde, kí ẹ sì tì í wò bóyá wọ́n fi àgádágodo tì í. Bí iná bá lọ, ó lè tó ìṣẹ́jú kan kí jẹnẹrétọ̀ tó gbà á. Tọ́ọ̀ṣì kékeré lọ́wọ́ àgbà àti ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ létí ọmọ ti tó. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé iná lè lọ.

Oúnjẹ, ìtọ̀, ọyẹ́

Ẹ fún wọn lóúnjẹ ní wákàtí kan àbọ̀ ṣáájú, kó má pọ̀. Zobo àti mínírà di ẹ̀yìn eré. Ẹ kó wọn lọ tọ̀ nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 10 kí eré bẹ̀rẹ̀, kódà èyí tó ní òun ò fẹ́ tọ̀. Bí ìsinmi àárín eré bá wà, ẹ kó èyí tó kéré jù jáde ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣáájú rẹ̀, nítorí ìlà ilé ìtọ̀ àwọn obìnrin á gùn ju ìsinmi náà lọ. Ẹ mú tíṣù àti omi ìfọwọ́ dání.

Ẹ̀pà àti gúgúrú kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 4, pàápàá nínú òkùnkùn, nítorí ó lè há a lọ́fun kí ẹ má sì rí i. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí búrẹ́dì ló sàn, tí kò sì ní ọ̀rá tó ń pariwo. Bàtà tó ń tanná ní gìgísẹ̀, ẹ fi sílé. Fèrè Kérésì pẹ̀lú.

Ọyẹ́ ń jẹ́ kí ikọ́ pọ̀ lásìkò yẹn, gbọ̀ngàn tó ní ẹ̀rọ amúlétutù á sì tún mú òtútù lé e. Súwẹ́tà kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Bó bá jẹ́ ìlú mìíràn ni eré wà, bí Ilé-Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn, ẹ ka aago ìparí rẹ̀ kí ẹ tó ka owó rẹ̀. Bí kò bá ní parí ní àsìkò tí ẹ fi máa délé kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ sun ibẹ̀ tàbí kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tó bá lọ ṣọdún l'Ékòó lè mú eré Terra Kulture ní Victoria Island tàbí ti ilé eré ńlá Ìgànmú tí wọ́n ṣí ní 1976, èyí tó ń jẹ́ orúkọ Wole Soyinka báyìí. Nínú gbọ̀ngàn tó tóbi tó ti Ìgànmú, ẹ má ra àga ẹ̀yìn torí pé ó rọjú. Òṣèré á dà bí èèrà lójú ọmọ, á sì sùn.

Bí ẹ̀rù bá bà á

Ẹ sọ ìtàn náà fún wọn ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àti ìparí rẹ̀. Ọmọdé kì í bínú pé ẹ ti tú àṣírí eré. Ó fẹ́ mọ̀ pé ìjàpá máa bọ́ nínú ìkòkò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà, ẹ sọ fún un pé omi aláró pupa ni.

Bó bá ké, ẹ gbé e jáde láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ má halẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kó máa wò ó láti ẹnu ilẹ̀kùn, nínú ìmọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń ní kí ẹ kó àwọn padà wọlé. Bí kò bá fẹ́, ẹ má fipá mú un, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ má tì í gorí ìtàgé bí wọ́n bá ń pe ọmọdé, bó ti wù kí alága ètò máa pariwo tó.

Ṣùgbọ́n bí eré bá ń parí, ẹ mú un wọlé. Ọ̀pọ̀ òbí ló máa ń sáré jáde nígbà yẹn kí wọ́n lè rí ọkọ̀, ìgbà yẹn gan-an sì ni gbogbo òṣèré ń tò jáde láti tẹríba. Ẹ nawọ́ sí ẹni tí wọ́n pa ní ìran kejì. Ẹ fi Èṣù hàn án tó ti bọ́ ìwo orí rẹ̀, tó ń fi aṣọ nu òógùn, tó sì ń juwọ́ sí i.